Iná Wo Ló Yẹ Táńkì Ẹja Oníewéko Tí Kò Ní Máa Yọ Yín Lẹ́nu?

Bákan náà ló máa ń rí. Ènìyàn á ra táńkì dígí, á to òkúta àti igi sínú rẹ̀, á gbin ewéko sí i, lẹ́yìn náà á kọrí sọ́jà lọ ra iná tó mọ́lẹ̀ jù lọ tí agbára rẹ̀ ká. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló ń yà á ní fọ́tò. Kó tó pé oṣù méjì, dígí ti ń yọ̀, omi ti di aláwọ̀ ewé, irun dúdú ti hù sétí ewé, ewéko gan-an sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Onítọ̀hún á ní ewéko inú omi ti le jù fún òun, á tú gbogbo ẹ̀ dànù, á fi ti rọ́bà rọ́pò. Ewéko ò le. Iná tó rà ló pọ̀ ju ohun tí táńkì náà lè lò lọ.

Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè fi ìmọ́lẹ̀ nìkan sè é. Ó tún nílò gáàsì CO2 tó wà nínú omi, àti ajílẹ̀. Nínú táńkì tí a kò fa CO2 sí láti inú sílíńdà, èyí tó wà nínú omi kéré. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá pọ̀ jù ú lọ, ewéko ò ní rí ìyókù lò. Algae, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára dígí, ló máa jẹ àjẹkù yẹn. Nítorí náà, ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, iná tó mọ níwọ̀n ló yẹ kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ewé kéékèèké bo gbogbo ilẹ̀ táńkì, tàbí tó ń wá ewé pupa fòò, kó kọ́kọ́ lọ wá sílíńdà gáàsì. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kọ́ là ń sọ níbí.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó náwó sí iná:

- Téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, bébà àti bírò.
- Orúkọ ewéko tí ẹ fẹ́ gbìn. "Ewé gígùn tí mo rí nílé lágbájá" kì í ṣe orúkọ.
- Fóònù Android kan, pẹ̀lú áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ka lux, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ibì kan.
- Táímà onínọ́ńbà tó ní bátìrì nínú ara rẹ̀.
- Ohun tí ẹ máa fi gbé iná kọ́, tí ẹ á fi lè gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀: ẹsẹ̀ irin, wáyà láti òkè àjà, tàbí férémù igi tí káfíńtà kàn.
- Ìbòrí dígí fún táńkì.

Ẹ má tíì bu omi sí táńkì o. Ìpele kan wà níwájú tó jẹ́ pé nígbà tó bá ṣófo ló rọrùn jù láti ṣe é.

Ìpele kìíní: Ẹ yan ewéko kí ẹ tó yan iná

Ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra iná tán, wọ́n á wá máa wá ewé tó máa bá a mu kiri.

Anubias ni mo máa fi síwájú gbogbo wọn. Ará ilé ni. Etí odò inú igbó, ní gúúsù Nàìjíríà títí dé Cameroon, ló ti ń hù, lábẹ́ òjìji igi ńlá. Ewé rẹ̀ nípọn, kì í kánjú dàgbà, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ti tó o. Ìdí rẹ̀ tí ewé ti ń yọ rí bí atalẹ̀. Ẹ má ri ìdí yìí mọ́ inú yanrìn, yóò jẹrà. Òwú ni kí ẹ fi so ó mọ́ igi tàbí òkúta. Gbòǹgbò rẹ̀ á di ibẹ̀ mú fúnra rẹ̀ tó bá yá. Bolbitis heudelotii náà jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ewé rẹ̀ ya wẹ́wẹ́, bí a sì ṣe ń so Anubias náà là ń so ó. Java fern wá láti Éṣíà, ìtọ́jú kan náà ló ń gbà.

Fún ilẹ̀ táńkì, Cryptocoryne wendtii dára, Vallisneria náà dára fún ẹ̀yìn. Kí ẹ mọ̀ pé Cryptocoryne lè wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín. Àyípadà omi ló ń ṣe é, kì í ṣe àìrí ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì fi kún iná. Á hu òmíràn. Ceratophyllum kò ní gbòǹgbò rárá, ẹ kàn lè jù ú sójú omi. Ó máa ń yára dàgbà, ó sì máa ń bá algae du oúnjẹ. Bí táńkì bá ṣì jẹ́ tuntun, mi ò ní ṣe é láìsí i.

Ẹ tún rántí ojú oró àti òṣíbàtà. Ojú oró ní í lékè omi, òótọ́ ni, wàhálà rẹ̀ náà sì nìyẹn. Láti inú afẹ́fẹ́ òkè ló ti ń gba CO2, nítorí náà kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Láàárín oṣù kan ó lè bo gbogbo ojú omi, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ má rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Bó bá ti kọjá ìdá mẹ́ta ojú omi, ẹ máa kó o kúrò, kí ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò. Òṣíbàtà pupa tí àwọn tó ń ta ẹja máa ń pè ní tiger lotus, Nymphaea lotus ni. Tí ẹ bá ń gé gbogbo ewé tó bá fẹ́ léfòó láti ìdí, èyí tó wà lábẹ́ omi á máa pọ̀ sí i. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ju Anubias lọ díẹ̀, nítorí náà abẹ́ iná gan-an láàárín ni kí ẹ fi í sí.

Ẹja náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ iná. Goldfish á jẹ ewé yín, á hú ìyókù. Pelvicachromis pulcher, ẹja kékeré tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n, tí odò gúúsù Nàìjíríà jẹ́ ilé rẹ̀, kì í fẹ́ràn iná tó le. Abẹ́ òkúta ló máa ń sá sí. Lábẹ́ iná tó rọ̀ lẹ máa tó rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn kan ń ta ewéko orí ilẹ̀ bí ewéko inú omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní lucky bamboo ló wọ́pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú omi, ewé rẹ̀ kò gbọdọ̀ rì. Kò sí iná tó lè gba irú ewé bẹ́ẹ̀ là lábẹ́ omi.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka orúkọ tó wà nínú bébà yín. Bí èyí tó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá wà láàárín wọn, ẹ fa igi lé e. Kò bójú mu kí ewé kan ṣoṣo máa pinnu iná tí gbogbo àwọn yòókù máa gbà.

Ìpele kejì: Ẹ wọn táńkì, kí ẹ ṣírò ìmọ́lẹ̀

Ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn tó ń ṣe dígí nílé wa fi ń wọn táńkì. Ẹ sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀ láàárín ara wọn, kí ẹ wá sọ ohun tó bá jáde di púpọ̀ pẹ̀lú 28. Iye lítà tí táńkì lè gbà nìyẹn. Táńkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó fẹ̀ ní 1, tó ga ní 1, yóò gba nǹkan bíi lítà 56. Ẹ yọ ti yanrìn, òkúta àti ibi tí omi kò kún dé kúrò, ó ku bíi 50.

Lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná. Wáàtì kàn ń sọ iye iná mànàmáná tó ń jẹ ni. Fún táńkì tí kò ní CO2, lumen 15 sí lítà kan ti tó. Ẹ má kọjá 20. Lítà 50 wá jẹ́ lumen 750 sí 1,000. Ojúlówó LED máa ń mú nǹkan bíi lumen 80 sí 100 jáde lórí wáàtì kan, nítorí náà iná wáàtì 10 ti parí iṣẹ́ náà. Wáàtì 10! Ọ̀pọ̀ ló ti gbé 50 sórí táńkì ẹsẹ̀ bàtà 2, tí wọ́n ṣì ń bèèrè ohun tó ń sọ omi di ọbẹ̀ ewédú.

Táńkì ẹsẹ̀ bàtà 4 tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó sì ga bẹ́ẹ̀, ń gba bíi lítà 250. Ẹ fi í sí 220. Ìyẹn jẹ́ lumen 3,300 sí 4,400, tó túmọ̀ sí bíi wáàtì 40.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn kan ṣì ń ṣírò wáàtì sí gálọ́ọ̀nù. Ìgbà tó jẹ́ fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ nìkan ló wà ni ìṣirò yẹn wúlò. LED ń mú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jáde lórí wáàtì díẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá tẹ̀ lé e, iná yín á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí táńkì yín bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀ á kéré. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra iná tó lágbára jù, ti òkè omi á wá di algae kí ti ìsàlẹ̀ tó rí nǹkan jẹ. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí iná wà bó ṣe wà, kí ẹ gbé igi tó ga sínú táńkì, kí ẹ sì so Anubias mọ́ òkè rẹ̀. Igi tuntun máa ń mú kí omi pọ́n bíi tíì, ìyẹn náà á dín ìmọ́lẹ̀ kù títí ẹ ó fi pààrọ̀ omi léraléra.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nọ́ńbà méjì ló yẹ kó wà nínú bébà yín báyìí, lumen tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ẹni tó ń tajà má baà fi ẹnu dídùn ta iná ìta ilé fún yín.

Ìpele kẹta: Ẹ ka ohun tó wà lára páálí

Àwọ̀ iná ni wọ́n ń fi K kọ. 6500K ni kí ẹ wá. Láti 5000K sí 7000K kò burú. Ewéko lè dàgbà lábẹ́ 3000K náà, ṣùgbọ́n omi á máa pọ́n bí ẹni pé ó dọ̀tí. CRI ń sọ bí àwọ̀ ẹja àti ewé ṣe máa hàn sí. 80 sókè ló dára.

Ẹ fi iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń fi gbin ewébẹ̀ nínú ilé sílẹ̀. Ewéko lè jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó sí pálọ̀ kó máa wo ẹja aláwọ̀ àlùkò? Iná búlúù tó le, ẹ̀dá inú òkun oníyọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Bí wọ́n bá kọ PAR sí páálí, ó dára, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò gan-an ló ń wọ̀n. Ìwọ̀n 15 sí 30 lórí yanrìn ni a fẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọn kò bá sọ jíjìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà lásán ni. Iná kan náà lè jẹ́ 100 nítòsí, kó jẹ́ 20 nísàlẹ̀.

IP ni ti omi. Nọ́ńbà kejì lẹ ó wò: IP65 lè gba omi tó ta sí i, kò gbọdọ̀ jábọ́ sínú omi. IP67 lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. IP68 kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní IP rárá, orí ìbòrí dígí nìkan ni kó wà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: gbígba wáàtì tó wà lára páálí gbọ́. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀. LED tó ń jẹ wáàtì púpọ̀ máa ń gbóná lẹ́yìn, aluminíọ̀mù tó nípọn ló sì ń tú ooru yẹn sáfẹ́fẹ́. Iná tí wọ́n kọ 100W sí tó wá fúyẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò lè jẹ́ 100W.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ínfátà yín bá ní ojú tó ń fi iye wáàtì hàn, ẹ wo nọ́ńbà náà, ẹ tan iná tuntun, kí ẹ tún un wò. Ohun tó fi lé sí i ni wáàtì tòótọ́.

Ìpele kẹrin: Irú iná wo?

Èyí tí wọ́n ṣe fún táńkì ẹja ló dára jù tí owó bá wà, pàápàá èyí tí a lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹ rí i pé gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti táńkì.

Bí owó ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo LED gígùn tí wọ́n fi rọ́pò fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì. Ti ẹsẹ̀ bàtà 2 sábà máa ń jẹ́ wáàtì 9 tàbí 10, tó ń mú bíi lumen 900 jáde, ìyẹn sì bọ́ sí àárín ìṣirò wa gẹ́lẹ́. Ti ẹsẹ̀ bàtà 4 jẹ́ wáàtì 18 tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Méjì rẹ̀ tó fún táńkì ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ ra èyí tó ti wà nínú ilé rọ́bà IP65. Iná NEPA tààrà ló wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wà lórí omi tí a kò bò.

Iná ìta ilé oníwáàtì 10 ń ṣiṣẹ́, ó sì wọ́pọ̀ ní Alaba àti ní gbogbo ọjà iná. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Àárín á mọ́lẹ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn. Fún táńkì tó rí bíi kúbù kò burú. Gílóòbù LED wáàtì 9 nínú láǹpù orí tábìlì náà lè ṣe kúbù kékeré. Iná rìbọ́ǹnì 12V kò léwu bí ti NEPA tààrà, àmọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń já nínú ọ̀rinrin, ìlà kan ṣoṣo rẹ̀ kì í sì í tó.

Gílóòbù pupa àtijọ́ àti halogen, rárá. Omi wa ti gbóná tó.

Ìpele karùn-ún: Ẹ gbé e kọ́, kí ẹ wọn ilẹ̀ táńkì

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun sì ni kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní alẹ́, ẹ pa gbogbo iná yàrá. Ẹ gbé iná táńkì sí íǹṣì 4 lókè ibi tí omi máa dé, kí ẹ sì tàn án. Ẹ tẹ́ fóònù sí ilẹ̀ táńkì tó ṣófo, kó dojú kọ òkè, kí ẹ ṣí áàpù lux. Òkè ojú fóònù, nítòsí ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ohùn, ni ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ máa ń wà, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ tàbí orí yín ṣíji bò ó. Ẹ wọn àárín, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti abẹ́ ibi tí igi máa wà. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Lábẹ́ LED funfun 6500K, 1,000 lux súnmọ́ PAR 15. A jẹ́ pé láàárín 1,000 àti 2,000 lux ni kí àárín ilẹ̀ táńkì wà. Áàpù fóònù kì í péye bí ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe, omi náà á sì yí i padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ bóyá ẹ wà ní ìwọ̀n tàbí ẹ ti kọjá á ní ìlọ́po mẹ́ta. Bó bá ju 2,000 lọ, ẹ gbé iná sókè ní íǹṣì méjì méjì, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá kéré, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ tún fi fóònù sórí ìbòrí dígí, lábẹ́ iná gan-an, kí ẹ kọ nọ́ńbà yẹn náà sílẹ̀ pẹ̀lú gíga tí iná wà àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ máa nílò rẹ̀.

Bí omi bá ti wà nínú táńkì tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, kí ẹ gbé iná sí jíjìn kan náà sí i, kí ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi fóònù sínú ọ̀rá kí ẹ rì í.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: igun tó ṣókùnkùn jù kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì àárín. Bó bá dín, iná kúrú jù tàbí ó sún mọ́ omi jù. Tí kò bá ṣeé tún ṣe, Anubias ni kí ẹ gbìn sí igun yẹn, yóò gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìpele kẹfà: Wáyà, NEPA àti táímà

Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ga ju ojú omi lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó padà gòkè lọ síbẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn bá wáyà bọ̀, ibi tó rọ̀ yẹn ló máa kán sílẹ̀, kò ní dé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi, kódà bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ẹ má ra táímà oníkẹ̀kẹ́ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ló máa ń dúró, tí wọ́n bá sì mú un dé, ibi tó dúró sí lá ti máa bá a lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ni iná táńkì á máa tàn. Oníbátìrì mọ àkókò kódà nígbà tí iná ò sí.

Kí ni kó wà lórí ínfátà? Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tàbí fílítà ló ṣáájú. Ní òru, ewéko náà ń bá ẹja mí ọ́síjìn kan náà, àìsí ìrusókè omi sì lè pa ẹja kó tó di àárọ̀. Iná lè dúró. Ewéko tí a yàn yìí lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìsí ohun tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá lè gbé e, iná wáàtì 10 fún wákàtí 6 kò ju 60 Wh (ìyẹn wáàtì tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀) lọ. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ń gbé bíi 1,200 Wh. Ẹ fi táímà sójú ínfátà, kó máa tàn láti aago mẹ́ta ọ̀sán sí mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ̀yin náà lè máa wò ó tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: sísan gbèsè ìmọ́lẹ̀. Wọ́n á ní iná ò sí lánàá, ẹ jẹ́ ká tàn án fún wákàtí 12 lónìí. Ewéko kì í gba àjẹsílẹ̀. Algae ló máa jẹ ẹ́. Wákàtí tí iná ò sí ti lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí táímà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ táímà kúrò lára iná NEPA fún wákàtí kan, kí ẹ dá a padà. Bí aago rẹ̀ bá ṣì bá ti fóònù yín mu, ó ti dára.

Ìpele keje: Oṣù méjì àkọ́kọ́

Wákàtí 6 lóòjọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi kún un láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí oòrùn ojú fèrèsé má tan mọ́ táńkì rárá. Wákàtí méjì oòrùn ọ̀sán lè ba gbogbo ìṣirò yín jẹ́. Kọ́tìnnì tó nípọn ti tó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nǹkan bí eruku aláwọ̀ igi lè bo ewé àti yanrìn. Táńkì tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka nù ún, kí ẹ pààrọ̀ omi ìdá mẹ́rin lọ́sẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan iná nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wò ó bí ewé tuntun ṣe ń yọ, àti iye ìgbà tí ẹ ń nu dígí. Bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bá tó, tí ewé tuntun sì ń jáde, ẹ lè fi ìṣẹ́jú 30 kún un, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Wákàtí 8 ni òpin. Ẹni tí táńkì rẹ̀ dára ní wákàtí 6, kí ló fẹ́ fi wákàtí 8 ṣe?

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni dígí tún ń yọ̀, ẹ dín wákàtí kan kù tàbí kí ẹ gbé iná sókè ní íǹṣì 3. Ẹ má ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tótòtó aláwọ̀ ewé tó le lórí Anubias fi hàn pé iná ń bọ́ sí i lórí tààrà. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji igi. Irun dúdú etí ewé kì í kúrò lára ewé tó ti mú, ẹ gé ewé náà dànù, ẹ fọ fílítà, kí ẹ dín wákàtí kù. Omi tó di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ dúdú bo táńkì fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Bí igi ewé bá ń nà gbọọrọ sókè, tí ààyè láàárín ewé kan sí èkejì ń gbòòrò, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń já, ìmọ́lẹ̀ ló kéré. Ẹ sọ iná kalẹ̀ ní íǹṣì 2. Ṣùgbọ́n ihò lára ewé àgbà sábà máa ń jẹ́ àìtó potásíọ̀mù, ewé tuntun tó funfun ràndánràndán sì sábà máa ń jẹ́ àìtó irin. Ajílẹ̀ inú omi ló ń wo ìyẹn sàn. Ìbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń fi iná kún iná fún ewéko tí ebi ń pa.

Ẹ máa nu ìbòrí dígí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí iyọ̀ omi tó gbẹ mọ́ ọn ń dí ìmọ́lẹ̀ gan-an. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ nù ún tán, kí ẹ dá iná padà sí gíga tó wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tún fóònù yẹn gbé sórí ìbòrí lábẹ́ iná, kí ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ti wálẹ̀ ju ìdá mẹ́ta lọ, LED náà ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ra òmíràn tí lumen rẹ̀ bá ti bébà yín mu, kí ẹ padà sí wákàtí 6 fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó bá dé.